Áńpù Gìtá Tó Ń Kùn: Ẹ Wo Ìsàlẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Fáàfù

Ọmọkùnrin kan gbé áńpù wá bá mi láti Ìkẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, òun àti ọlọ́kadà ló jọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kó tó mí kanlẹ̀, ó ti na ọ̀rá dúdú kan sí mi. Fáàfù EL34 mẹ́rin, ìgò tó ń tàn nínú áńpù, ló wà nínú rẹ̀, tuntun nínú páálí. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti ra fáàfù o. Ẹ ṣáà bá mi fi sí i kó lè yéé kùn." Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé fáàfù ló ń kùn. Ó ní òun wo fídíò kan ni. Owó tó fi odidi oṣù méjì rí níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní gìtá ló kó sínú ọ̀rá yẹn. Mo ki áńpù náà bọ iná nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó, mo yí fólúùmù dé ìdajì. Ó dákẹ́ lọ́lọ́. Àṣé jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn àti ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ rí, ẹ ò rí ìsàlẹ̀. Fáàfù wà lókè, ó ń tàn yòò, ojú ń rí i, òun ni gbogbo ayé ń fẹ̀sùn kàn. Wáyà ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè. Ìsàlẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Fáàfù ni mo ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ń pè é. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní túùbù, ohun kan náà ni. Àwọn kéékèèké inú rẹ̀, 12AX7 tí àwọn kan ń pè ní ECC83, ló ń kọ́kọ́ gba ohùn gìtá, tí wọ́n sì ń gbé e dàgbà. Àwọn ńlá tó wà lẹ́yìn ni fáàfù agbára, àwọn ló ń ti sípíkà.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí i

Ẹ má kàn sọ pé ó ń pariwo. Ariwo wo?

Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gìtá yín lè ràn yín lọ́wọ́ níbí. Ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe dáadáa, kí ẹ tẹ okùn tó nípọn jù ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta. Ohùn G nìyẹn, 98 Hz. Bí ìkùn áńpù yín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá G yẹn dọ́gba, 100 Hz lẹ ń gbọ́. Iná tí áńpù ti sọ di DC ni, àmọ́ tí kò tíì sẹ́ tán. Kapásítọ̀ ńláńlá inú rẹ̀ ló yẹ kó sẹ́ ẹ bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Bí asẹ́ bá ti ya, eèrí á bá ògì lọ.

Bí ìkùn náà bá fi ọ́kítéèfù kan relẹ̀ sí G yẹn, tó wúwo, tó jẹ́ pé àyà lẹ fi ń gbọ́ ọ ju etí lọ, 50 Hz nìyẹn. Ẹ fura sí wáyà ilẹ̀, sí wáyà 6.3 V tó ń mú fáàfù gbóná, tàbí sí ibi tí báyáàsì, ìyẹn fólíìtì tó ń pinnu iye iná tó ń gba inú fáàfù agbára kọjá, ti ń jáde. Bó bá mú, tó ń gún etí bí oyin tí wọ́n tú nílé, ẹ̀yìn òde ló sábà máa ń ti wá. Bó bá ń ta pàràpàrà, ojú ibi kan ti dọ̀tí tàbí ó ti tú. Sììì fẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí òjò orí páànù lọ́ọ̀ọ́kán kì í ṣe àìsàn, gbogbo áńpù onífáàfù ló ní in.

Fídíò Amẹ́ríkà á sọ fún yín pé ohùn tó wà láàárín B-flat àti B ni kí ẹ máa wá. Tiwọn nìyẹn, 60 Hz ni iná wọn.

Ìdánwò kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe fídíò wọ̀nyẹn kò mọ̀, torí wọn kì í gbé inú jẹnẹrétọ̀ bíi tiwa. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tan fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnì máa kérora, tí ohùn ìkùn inú sípíkà náà á sì fà wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń dẹ okùn gìtá. Bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ ti mọ̀ dájú pé inú iná ni ìkùn náà ti ń jáde, kì í ṣe inú rẹ̀sítọ̀ kan.

Ìta áńpù

Ẹ yọ kébù gìtá kúrò lẹ́nu áńpù pátápátá. Bó bá dákẹ́, áńpù kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ padà sórí gìtá àti kébù.

Páìkọ́ọ̀pù, ohun tó ń gba ohùn okùn lára gìtá, tó bá jẹ́ oníkókó wáyà kan ṣoṣo bíi ti Stratocaster, máa ń kó ariwo iná afẹ́fẹ́ bí ẹni kó ẹ̀gún sáṣọ. Ẹ dúró sójú kan pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, kí ẹ máa yí ara yín díẹ̀díẹ̀. Bí ìkùn bá ń lọ sílẹ̀, tó ń gòkè bẹ́ẹ̀ ṣe ń yí, páìkọ́ọ̀pù ni. Ẹ kúrò níwájú tánsífọ́mà, níwájú iná LED alárànbarà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń fi sí pẹpẹ nísinsìnyí, àti níbi súwíìṣì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Humbucker tí wọ́n wé kókó méjì lódìkejì ara wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìyọnu yìí.

Bí ìkùn bá dín kù nígbà tẹ́ ẹ fọwọ́ kan okùn gìtá, ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó bá ń pọ̀ sí i ni, ẹnì kan ti gbé wáyà méjèèjì ẹnu jáàkì fún ara wọn. Bí okùn gìtá bá ń ta yín lọ́wọ́ bí èèrùn, tàbí tí ẹnu yín ń gbà gìrì bó bá kan máíkì, ẹ pa gbogbo nǹkan lójú ẹsẹ̀. Kò sí wáyà ilẹ̀ níbẹ̀, ikú ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà ilẹ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Púlọ́ọ̀gì wa lẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òkè tó gùn jù yẹn ni ti ilẹ̀. Nínú ilé mẹ́wàá tí mo bá dé, agbára káká ni mo fi ń rí mẹ́ta tí ẹsẹ̀ yẹn so mọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ògiri. Ojúlówó wáyà ilẹ̀ ni irin kọ́pà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi èédú àti iyọ̀ yí ìdí rẹ̀ ká. Ilẹ̀ Èkìtì wa yìí sì ní àpáta: oníná mìíràn á gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì, á kan òkúta, á gé irin náà sí méjì, á bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbowó. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń rì í. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ máa bu omi sí ìdí rẹ̀, torí ilẹ̀ tó gbẹ kì í gbé iná dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ náà ní ìdè kékeré kan lára tí wọ́n ń so wáyà ilẹ̀ mọ́. Mi ò tíì rí ẹni mẹ́wàá tó ń lò ó.

Àwọn kan á ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kúrò kí ìkùn lè lọ. Lóòótọ́ ni ìkùn á lọ nígbà mìíràn. Ohun tó ń gbà yín lọ́wọ́ ikú náà á sì bá a lọ. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ so áńpù mọ́ míkísà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọ̀nà ilẹ̀ méjì ló pàdé ara wọn. Ẹ ki àwọn méjèèjì bọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan náà, tàbí kí ẹ fi àpótí DI sáàárín, kí ẹ tẹ súwíìṣì "ground lift" ara rẹ̀. Ara àpótí yẹn ni wọ́n ti ń já ilẹ̀, kì í ṣe ara púlọ́ọ̀gì iná.

Ínfátà ńkọ́? Èyí tí kì í ṣe "pure sine wave", tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, á mú kí tánsífọ́mà áńpù máa kùn fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé sípíkà ló ń gbé e jáde, á sì tún ti ariwo oyin bọ inú ohùn. Kò sí fáàfù tó lè wò ó sàn. Ẹ gbé áńpù yẹn sórí iná ìjọba fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ìyàtọ̀.

Ó kù sínú áńpù: apá wo?

Láìsí gìtá lẹ́nu rẹ̀, ẹ yí fólúùmù sókè sódò. Bí ìkùn bá ń tẹ̀ lé ọwọ́ yín, ó ń wọlé kó tó dé fólúùmù, ìyẹn ni pé àwọn fáàfù kéékèèké iwájú ló ni ín. Bí fólúùmù bá wà lódo tí ìkùn sì dúró gbọnin síbẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ kọjú sí.

Bí áńpù yín bá ní ihò "send" àti "return" lẹ́yìn, ẹ fi kébù kúkúrú kan so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ áńpù tó ń ta pàràpàrà tàbí tó ń gé ohùn ló máa ń sàn níbẹ̀ yẹn, nítorí kọ́ńtáàtì inú ihò return ti dọ̀tí. Ẹ fọ́n kọ́ńtáàtì kílínà sí i, ẹ ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, kí ẹ yọ ọ́ nígbà mẹ́wàá. Ẹ má lo pẹtiróòlù o. Mo ti rí i lójú mi.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa áńpù, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Fáàfù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ń jó ọwọ́ bí ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ yọ 12AX7 tó sún mọ́ ẹnu ihò gìtá jù, kí ẹ tan áńpù padà. Bí ìkùn bá lọ, ibẹ̀ ni, ẹ fi òmíràn dán an wò. Bí kò bá lọ, ẹ tún pa á, kí ẹ yọ èyí tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa bá a lọ títí dé 12AX7 tó kẹ́yìn, tó sún mọ́ àwọn fáàfù agbára. Bẹ́ẹ̀ bá yọ ìyẹn náà tí ìkùn ṣì wà, a jẹ́ pé fáàfù agbára, báyáàsì tàbí kapásítọ̀ ló kù. Ẹ mọ̀ pé àwọn áńpù kan wà tí wọ́n so wáyà gbígbóná fáàfù wọn tẹ̀ léra. Bẹ́ẹ̀ bá yọ ọ̀kan nínú wọn, àwọn yòókù á kú pẹ̀lú, ìdánwò yìí kò ní bá wọn mu.

Fún fáàfù tó ń dún gbàn-gbàn bí agogo, ẹ fi pákò gbígbẹ kan án jẹ́jẹ́ nígbà tí áńpù wà láàyè. Kí ó jẹ́ pákò gbígbẹ o, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹnu yín bọ̀. Èyí tó bá kígbe jù nínú sípíkà ni kí ẹ yọ.

Ẹ̀tàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ fáàfù agbára. Méjì-méjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, bí ẹni méjì tó ń fa ayùn: ọ̀kan fà, èkejì tì. Ariwo iná tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì bákan náà ń pa ara rẹ̀ run nínú tánsífọ́mà ìjáde. Bí ọ̀kan bá ti rẹ̀, tí èkejì ṣì le, ariwo yẹn kò ní pa ara rẹ̀ mọ́, ìkùn á jáde láìsí pé kapásítọ̀ bàjẹ́. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ ti rí ìkùn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìdí wọn, kí ẹ gbé wọn fún ara wọn. Bí ohun tó ń pọ́n tàbí tó ń gbóná jù bá bá fáàfù lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, fáàfù ló jẹ̀bi. Bó bá dúró sí sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, áńpù ló jẹ̀bi, fáàfù tuntun á sì tún jóná níbẹ̀.

Kí ẹ tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀

Iná DC tó wà nínú áńpù onífáàfù sábà máa ń tó 400 sí 500 V, ó sì máa ń dúró sínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Lọ́dún tí mo wà ní ìkọ́ṣẹ́, mo yọ púlọ́ọ̀gì áńpù kan, mo lọ jẹun, mo padà dé, mo na ọwọ́ sínú rẹ̀. Ohun tí mo rántí lẹ́yìn ìyẹn ni pé orí ilẹ̀ ni mo wà, sikurúdiráfà mi wà lábẹ́ tábìlì ẹnì kejì, ọ̀gá mi sì ń wò mí láìsọ nǹkan kan. Títí di òní, àpá rẹ̀ wà ní ìka mi.

Torí náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ wá rẹ̀sítọ̀ 10 kΩ ti 5 W, kí ẹ jó wáyà tó láṣọ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan kan ṣásí, irin tó gbé gbogbo inú áńpù, ẹsẹ̀ kejì kí ó kan orí pọ́sítíìfù kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Bí kò bá tíì wálẹ̀ kọjá 10 V, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi sikurúdiráfà gbá a bí àwọn kan ṣe ń ṣe, ó ń pa kapásítọ̀, ó sì ń fọ́n iná sójú. Nígbàkigbà tí áńpù bá wà láàyè tẹ́ ẹ ń wọ̀n nǹkan, ọwọ́ kan ni kó ṣiṣẹ́, kí èkejì wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ má sì tan áńpù onífáàfù láé láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀, tánsífọ́mà ìjáde lè jóná kí ẹ tó sọ pé "yé". Bí gbogbo èyí bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ̀rù tó dára ni. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́, kí ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti gbọ́ fún un, ẹ ti dín iṣẹ́ rẹ̀ kù lójú méjèèjì.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí nínú áńpù tokunbo tó ti pẹ́ ní Èkìtì kì í ṣe kapásítọ̀, aáyán àti ọmọńlé ni. Mo ṣí ọ̀kan láti Ìjerò tí ọmọńlé gbẹ mọ́ ojú bọ́ọ̀dù rẹ̀ láàárín fíúsì àti wáyà gbígbóná. Ẹsẹ̀ kan ńbẹ, ẹsẹ̀ kejì ńbẹ, ó ti di afárá iná. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò, mo fi sípírítì nu ibẹ̀, ìkùn lọ.

Kapásítọ̀ ni èkejì. Omi inú rẹ̀ ń gbẹ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ooru wa sì ń yá a lọ́wọ́. Ẹ wo orí rẹ̀ bóyá ó ti wú, ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ti ń da nǹkan bí oyin jáde. Bó bá ti lé ní 15 ọdún tí ìkùn 100 Hz sì wà, èmi á pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀ láìbi ẹnì kankan. Fólíìtì tó wà lára tuntun kò gbọdọ̀ dín sí ti àtijọ́. Ẹ fiyè sí ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù: bẹ́ẹ̀ bá gbé e lódìkejì, á bú gbàù. Ẹ má gbàgbé kapásítọ̀ kékeré tó wà nínú ọ̀nà báyáàsì. Oníṣẹ́ mìíràn á pààrọ̀ àwọn ńlá tán, á fi èyí sílẹ̀, ìkùn á sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Yíyan fáàfù agbára

Ẹ ti ṣe gbogbo ìyẹn, fáàfù sì ni lóòótọ́. Púléètì, irin inú ìgò rẹ̀, ń pọ́n bí irin inú ìlé alágbẹ̀dẹ, tàbí orí ìgò rẹ̀ tó yẹ kó máa dán bíi jígí fàdákà ti funfun bí ẹfun, atẹ́gùn ti wọ inú rẹ̀, ó ti kú. Ìmọ́lẹ̀ búlúù tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò kò burú, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn gba owó yín.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé irú èwo ni wọ́n ṣe áńpù náà fún? Ẹ wo ara ṣásí, ó sábà máa ń wà níbẹ̀. EL84 kéré, ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ló ní, púléètì rẹ̀ ń gba 12 W. Mẹ́rin irú rẹ̀ ló wà nínú Vox AC30, ohùn rẹ̀ mú, ó ń tàn. 6V6 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ lágbára. Méjì ló wà nínú Fender Deluxe Reverb, ó dùn, ó sì tètè máa ń ha. 6L6GC ń gba 30 W, mẹ́rin wà nínú Twin Reverb. Bó bá jẹ́ gìtá jùjú tàbí háíláìfù lẹ fẹ́, tí okùn kọ̀ọ̀kan á dá dúró láìdàpọ̀ mọ́ ìkejì, èmi á fọwọ́ sí i. EL34 ń gba 25 W, òun ló wà nínú Marshall JCM800 oní-100 W, àárín ohùn rẹ̀ ń yọ, ó ń ké.

Àwọn mẹ́ta tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ yìí á wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara wọn, ibẹ̀ lẹ̀tàn wà. EL34 ń jẹ 1.5 A láti fi gbóná, 6L6GC ń jẹ 0.9, 6V6 ń jẹ 0.45 péré. Ẹni tó bá yọ 6L6 mẹ́rin, tó fi EL34 mẹ́rin rọ́pò, ti gbé ẹrù 6 A lé tánsífọ́mà tí wọ́n ṣe fún 3.6. Tánsífọ́mà kò ní sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ kìn-ín-ní EL34 náà tún nílò kí wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ kẹjọ, èyí tí 6L6 kò nílò, nítorí náà ọ̀pọ̀ áńpù 6L6 ni kò ní ìsopọ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ pé inú áńpù 6V6 lẹ fẹ́ ki 6L6 bọ̀ kí ó lè pariwo sí i, ẹ máa ra áńpù mìíràn. Láti 50 W lọ sí 100 W, 3 dB péré lẹ jèrè. Ẹ sún áńpù sókè orí àga, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ tó ju ìyẹn lọ.

Àwọn tí wọ́n ń ṣe fáàfù lóde òní kò pọ̀: JJ ń wá láti Slovakia, Sovtek àti Electro-Harmonix ń wá láti Rọ́ṣíà, Psvane ń wá láti Ṣáínà. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ. Ohun tí mo ń jà lé lórí ni pé kí àwọn méjì tàbí mẹ́rin náà jẹ́ ọmọ ìyá kan, tí wọ́n ti wọ̀n pọ̀, tí nọ́ńbà ara páálí wọn bára mu. Fáàfù tí wọ́n ṣà jọ láti ara áńpù mẹ́ta lórí àtẹ lè dọ́gba lójú, àmọ́ ìka kì í dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ bá rà á ní Èkó, ẹ gbé e sórí itan bọ̀ wálé. Búùtù mọ́tò kì í ṣe ibi tí ìgò ń gbé.

Báyáàsì

Áńpù tó ń fi kátódù (apá inú fáàfù tí wáyà gbígbóná ń mú gbóná) ṣe báyáàsì ara rẹ̀, bíi AC30, kò ní nǹkan tẹ́ ẹ máa yí. Ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́, kí ẹ máa wò ó. Èyí tó ní báyáàsì yíyí ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ jó rẹ̀sítọ̀ 1 Ω mọ́ àárín kátódù fáàfù kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀. Mílífóòtì kan tẹ́ ẹ bá kà lórí rẹ̀ dúró fún mílíáńpù kan. Ẹ so sípíkà, kí fólúùmù wà lódo, kí áńpù gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wọn fólíìtì púléètì ní ẹsẹ̀ kẹta fáàfù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ọwọ́ kan nínú àpò. Ká ní 450 V ni. Èmi kì í kọjá ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí fáàfù lè gbà: fún 6L6GC, 18 W nìyẹn, a pín in fún 450, ó kù 40 mA. Fún EL34, 15 W, 33 mA. Àwọn ará òkè òkun máa ń lọ dé 70.

Ìdí tí mi ò fi ń lọ débẹ̀ ni iná wa. Ní àdúgbò mi, mítà lè ka 190 V lọ́sàn-án, kó sì ka 240 nígbà tí gbogbo ayé ti sùn tí ìsìn òru ń lọ lọ́wọ́. Áńpù tí púléètì rẹ̀ jẹ́ 380 V nígbà tẹ́ ẹ tún un ṣe lọ́sàn-án á fò dé 480 lóru. Ẹ ó kàn ṣàdédé rí i lẹ́yìn áńpù láàárín orin ìyìn pé fáàfù ti pọ́n. Nítorí náà, ẹ wọn iná ògiri kí ẹ tó wọn báyáàsì. Bó bá wà nísàlẹ̀, ẹ dúró di alẹ́, tàbí kí ẹ lo sitẹbiláísà. Áńpù Amẹ́ríkà tó jẹ́ 120 V nílò tánsífọ́mà tó ń gé iná wálẹ̀, kí agbára rẹ̀ sì ju ohun tí áńpù náà ń jẹ lọ dáadáa.

Lẹ́yìn wákàtí bíi mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti ń fi ṣeré, ẹ tún un wọ̀n, torí fáàfù tuntun máa ń sún díẹ̀. Èmi máa ń lẹ téèpù funfun mọ́ inú ẹ̀yìn àpótí, mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú fáàfù wo ni, mA mélòó, fólíìtì púléètì, iye tí iná ògiri jẹ́ lọ́jọ́ náà, oṣù àti ọdún. Oníṣẹ́ tó bá ṣí i lẹ́yìn mi kò ní máa méfò.

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n gidi kan àti irin kọ́pà tí a rì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló wo áńpù ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yẹn sàn. EL34 mẹ́rin tó rà ṣì wà nínú páálí wọn. Mo ní kó kọ déètì sí i, kó gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí eku kò ti ní dé.